Fẹlá Tí Ọ̀pọ̀ Wa Ò Mọ̀: Ìtàn Fẹlá Ṣówándé, Ọ̀gá Onídùùrù

Ẹ dúró díẹ̀ níwájú bọ́ọ̀dù yìí, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tíṣà wa náà. Aago ìsinmi ò tíì parí. Tí ẹnì kan bá pe Fẹlá láàárín wa níbí ní Ẹgàn, Fẹlá Aníkúlápó ló máa sọ sí gbogbo wa lọ́kàn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Fẹlá kan ti wà kí wọ́n tó bí Aníkúlápó ní 1938. Ọdún 1905 ni wọ́n bí èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Olúfẹlá Ọbáfúnmiláyọ̀ Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀. Dùùrù àti píánò ni iṣẹ́ tirẹ̀. Mo bi àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ náà rí. Ìdí kìíní tí mo fi kọ ìtàn yìí nìyẹn.

Ìdí kejì ni pé ní tẹ́ẹ̀mù yìí, mò ń kọ́ orin kan lórí kíbọ́ọ̀dù. Orin Faransé ni, Je te veux ni wọ́n ń pè é. Erik Satie ló ṣe ohùn rẹ̀, Henry Pacory ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Paris ní 1903. Orin ijó waltz ni. Ìwọ̀n mẹ́ta-mẹ́ta lèèyàn máa ń kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ìgbàkígbà tí mo bá ń ṣe é, àwọn kan á bi mí pé kí ló kan ọmọ Ẹgàn kan orin Faransé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí fújì wà, tí amapiano náà wà. (Amapiano ọ̀hún gan-an, píánò ṣáà wà nínú orúkọ rẹ̀!) Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí n kàn fẹ̀rín dáhùn. Mo bá wá ẹni tí ìbéèrè yìí ti dojú kọ ṣáájú mi, tó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dá a lóhùn. Fẹlá Ṣówándé ni mo rí.

ILÉ TÓ TI JÁDE

Emmanuel Ṣówándé ni bàbá rẹ̀. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì dìde nílẹ̀ wa. Ó ṣiṣẹ́ tíṣà ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́. Ẹ fojú inú wò ó: nínú ilé, orin ìyìn àti dùùrù, ní ìta, ìlù dùndún ti ìlú Ọ̀yọ́, tó ń ki ọba, tó ń ki ìjòyè, tó ń ki ẹni tó ń kọjá lọ. Ohùn méjèèjì ló ń wọ etí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀kan péré ni tirẹ̀.

Èkó ló ti lọ sílé-ìwé. Ó lọ sí CMS Grammar School, ó sì lọ sí King's College. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ mọ́tò lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ti gbọ́ bí kọ̀ǹdọ́ ṣe máa ń pariwo CMS! CMS! Orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ajíhìnrere tó dá ilé-ìwé yẹn sílẹ̀ ni. Tí ẹ bá sọ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà nítòsí lójú Marina, Cathedral Church of Christ. Ibẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin nínú kúáyà nígbà tó wà ní ọmọdé, ibẹ̀ náà ló sì ti bá ẹni tó sọ ọ́ di onídùùrù pàdé.

TÍṢÀ RẸ̀

Orúkọ tíṣà náà ni Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips. Wọ́n bí i ní 1884. Ó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London láti 1911 sí 1914. Bó ṣe dé ni wọ́n fi í ṣe olórí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1962. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún 48 ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

Kì í ṣe títẹ dùùrù nìkan ni Phillips mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn ún: ọ̀nà tí wọ́n gbà ń fi Yorùbá kọ orin òyìnbó. Gbogbo wa la mọ̀ pé èdè wa ní ohùn. Igba, igbá, ìgbà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn ajíhìnrere gbé orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn orin sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Tí ọ̀rọ̀ bá yẹ kó gòkè, orin á máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ fúnra yín: ẹ kọ "ọ̀run" pẹ̀lú ohùn tó ń lọ sísàlẹ̀, ẹ máa gbọ́ "ọrùn". Ẹni tó ní òun ń lọ sọ́run á wá dà bí ẹni tó ń lọ sọ́rùn ẹnì kan! Phillips wá ń ṣe orin tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ wa, ó sì kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953. 

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni Ṣówándé ti kọ́ dùùrù. Dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ẹgbẹ́ kíbọ́ọ̀dù wa o. Bọ́tìnnì rẹ̀ ju ìlà kan lọ, ìkan wà lókè ìkejì. Nísàlẹ̀, igi gbọọrọ wà níbi ẹsẹ̀, òun náà ní nóòtì tirẹ̀. Ọwọ́ méjì ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ méjì ń ṣiṣẹ́, ojú ń ka ìwé. Orin Bach, ọmọ Jámánì tó kú ní 1750, ni àwọn onídùùrù fi ń mọ bóyá ọwọ́ wọn ti mọ́ iṣẹ́. Ohun tí Ṣówándé rí kọ́ lọ́dọ̀ Phillips jẹ́ méjì: kí èèyàn mọ iṣẹ́ òyìnbó dé ìdí, kí etí rẹ̀ má sì di sí ohùn ilé.

ORIN ALẸ́ NÍ ÈKÓ

Tí ẹ bá rò pé ọmọ àlùfáà yìí kò kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di géńdé ní Èkó, ó ní ẹgbẹ́ olórin, ó sì ń ṣe orin ijó. Ní ayé ọdún 1920 sí 1930 yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó máa ń wọ kóòtù lọ síbi ijó alẹ́. Orin tí wọ́n ń bèèrè fún pọ̀: foxtrot, jáàsì láti Amẹ́ríkà, hailáìfù tiwa-n-tiwa, àti waltz. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ló kan ọmọ Èkó kan waltz, àwọn bàbá ńlá wa ti jó o ní Èkó níbí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nítorí pé mo ti ń bá a jìjàkadì láti ìgbà tí a ti wọlé. Ọwọ́ òsì ló ni ijó, ọwọ́ ọ̀tún ló ni orin. Ọwọ́ òsì á kọ́kọ́ tẹ nóòtì kan nísàlẹ̀ pátápátá, á wá fò sókè lọ tẹ kọ́ọ̀dù kan náà lẹ́ẹ̀mejì: gbìm, ṣá, ṣá, gbìm, ṣá, ṣá. Ẹsẹ̀ oníjó á balẹ̀ lórí gbìm. Ìfòsókè yẹn ló le jù, torí pé ojú ò gbọdọ̀ máa wo ọwọ́ òsì nígbà gbogbo. Ọwọ́ ọ̀tún ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ yára bí ẹni tí ajá ń lé. Ó gbọ́dọ̀ máa fà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, nítorí orin ìfẹ́ ṣáà ni. Ohun tí tíṣà mi sọ fún mi ni pé kí n kọ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ títí á fi mọ́ ara, kí n tó pa wọ́n pọ̀.

Ohun kan yà mí lẹ́nu níbẹ̀. Kíka mẹ́ta-mẹ́ta yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àlùtúnlù agogo kan wà nínú ìlù wa tí wọ́n ń pè ní kónkóló. Tí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ìwọ̀n kéékèèké 12 ló wà nínú rẹ̀, agogo á sì dún lórí méje nínú wọn. Ẹ lè pín 12 yẹn sí mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé waltz ń tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ gan-an kí gbogbo oníjó lè jọ gbésẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n agogo tiwa máa ń sá fún ibi tí ẹsẹ̀ ń bọ́ sí, ó fẹ́ kí ara fúnra rẹ̀ wá a rí. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ti mọ kónkóló, apá kan waltz ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ṣówándé.

LONDON: ÒRU NÍ KÍLỌ́Ọ̀BÙ, ỌJỌ́ ÌSINMI NÍ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ

Ní 1934, ó lọ sí London. Ẹni ọdún 29 ni. Owó oúnjẹ gbọ́dọ̀ wọlé, nítorí náà orin jáàsì ló kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ní 1936, òun ló tẹ píánò nínú Rhapsody in Blue, iṣẹ́ ńlá George Gershwin, ọmọ Amẹ́ríkà tó mú jáàsì wọ gbọ̀ngàn àwọn olórin kíláásíkà. Kì í ṣe orin tí èèyàn ń gbé lérí kékeré o. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò lè dán an wò. Ó bá Fats Waller tẹ píánò pọ̀, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn tó mọ píánò jáàsì jù lọ láyé ìgbà yẹn. Ó ń tẹ dùùrù fún Adelaide Hall, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí ohùn rẹ̀ gbajúmọ̀, wọ́n sì jọ gbé orin sórí àwo. Ó tẹ dùùrù lórí rédíò BBC pẹ̀lú.

Ẹ wá gbọ́ o. Gbogbo ìgbà tó ń ṣe èyí, kò fi ìwé sílẹ̀. Ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tíṣà dùùrù, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ohùn mẹ́ta, mẹ́rin pọ̀ tí ìkan ò ní di ìkejì lọ́wọ́. Ní 1943, ó gba oyè Fellow ti Royal College of Organists, oyè tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn onídùùrù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ẹ̀bùn mọ́ ọn. Láti 1934 sí 1943, ọdún mẹ́sàn-án. Ogun Hitler sì ń lọ lọ́wọ́ nínú apá kan nínú àwọn ọdún yẹn. Lẹ́yìn náà, ó di onídùùrù àti olórí kúáyà ní Kingsway Hall, ilé ìjọsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní àárín ìlú London, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1952.

Ibí yìí ni mo ti rántí ẹni tó ni orin tí mò ń kọ́. Erik Satie náà, píánò ní ilé ijó àti ilé ọtí ní Montmartre ló fi ń jẹun. Arcueil ló ń gbé, lẹ́yìn odi Paris, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń fi rìn lọ sí ìlú rìn bọ̀. Àwọn kan fojú kéré rẹ̀ nítorí irú orin tó ń tà. Ní 1905, nígbà tó ti di ẹni ọdún 39, ó padà sí ilé-ìwé orin kan ní Paris tó ń jẹ́ Schola Cantorum, ó jókòó ti àwọn ọmọ tó lè bí, ó sì gba ìwé ẹ̀rí ní 1908. Ọdún tó padà sílé-ìwé yẹn gan-an ni wọ́n bí Fẹlá Ṣówándé. Àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n mọ̀: orin ijó kì í ṣe ìtìjú, ẹ̀kọ́ ò sì ní ọjọ́ orí.

OHUN TÓ FI Ẹ̀KỌ́ NÁÀ ṢE

Ká ní Ṣówándé dúró síbẹ̀, à bá kàn sọ pé adúláwọ̀ kan wà tó mọ dùùrù tẹ̀ bí òyìnbó, ọ̀rọ̀ á sì parí. Kò dúró síbẹ̀. Ní àsìkò ogun, ó bá ẹ̀ka ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ya fíìmù fún ilẹ̀ Áfíríkà ṣiṣẹ́, ó ń wá orin sínú fíìmù wọn. Iṣẹ́ yẹn mú un padà sọ́dọ̀ àwọn orin ilé. Ní 1944, ó ṣẹ̀dá African Suite fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta gòjé òyìnbó. Apá márùn-ún ló ní. Àwọn ohùn kan nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ephraim Amu ti ilẹ̀ Gánà ló ti mú wọn. Amu yìí, tíṣà orin ni. Ní 1933 ni wọ́n lé e kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ajíhìnrere tó ti ń kọ́ni, nítorí ó ń wọ aṣọ ìbílẹ̀, ó sì ń mú ohun èlò orin ìbílẹ̀ wọlé. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ orin yìí kì í ṣe eré. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nítorí ẹ̀. Ṣówándé gbé ohùn ẹni tí wọ́n lé kúrò, ó fi fún àwọn onígòjé London pé kí wọ́n ta á. 

Apá tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ náà ń jẹ́ Akinla, hailáìfù ló wà nídìí rẹ̀. Rédíò ìjọba Kánádà mú un ṣe orin ìṣíde ètò kan tí Clyde Gilmour ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Kánádà tí wọn ò mọ Èkó lójú mọ ohùn Èkó létí.

Ó sì ṣẹ̀dá orin fún dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo orúkọ díẹ̀ nínú wọn: Ọbańgíjì, Ọ̀yìgìyìgì, Ká Múra, Jésù Olùgbàlà. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé orin! Bó ṣe ṣe é ni pé á gbé ohùn orin kan tí àwa ń kọ nílé, á wá fi ọgbọ́n tó kọ́ lára Bach àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hun ún: ọwọ́ ọ̀tún á sọ̀rọ̀, ọwọ́ òsì á fèsì, ẹsẹ̀ á tún un sọ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ohùn bíi ti ìyá ìlù. Bí lílé àti gbígbè ló ṣe rí. Kò lè ṣe é ká ní kò mọ orin tiwa. Kò sì lè ṣe é ká ní kò fara da ọdún mẹ́sàn-án yẹn.

Ó DÉ ILÉ

Ní 1953, ó padà wá sí Nàìjíríà. Ó di olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, èyí tó di NBC lẹ́yìn náà. Ó ń tẹ dùùrù fún àwọn tó ń gbọ́ rédíò, ó ń gba orin ìbílẹ̀ sílẹ̀, ó ń jókòó ti àwọn bàbá tó mọ Ifá, ó ń kọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn sílẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà máa gba òmìnira ní 1960, ó ṣẹ̀dá Folk Symphony láti fi ṣàjọyọ̀ rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí pèpéle Carnegie Hall ní New York. Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ti fún un ní oyè MBE ní 1956. Ní 1968, wọ́n fi í jẹ oyè Bagbile ní Èkó, nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí àṣà Yorùbá.

Ẹ má rò pé gbogbo èèyàn ló dunnú sí i. Tí èèyàn bá dúró sáàárín méjì, ìhà méjèèjì ni òkúta ti ń wá. Ọmọ àlùfáà tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló ń wá lọ́dọ̀ babaláwo? Ní ìhà kejì, àwọn tó ń pariwo òmìnira, tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo nǹkan òyìnbó pa rẹ́, kí lorin Bach ń ṣe lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá? Ìdáhùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ni pé òun kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ọgbà yí iṣẹ́ ọnà ká, bíi ti ìjọba tó ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, kó wá ní inú orin baba rẹ̀ nìkan ni olórin gbọ́dọ̀ máa gbé. Ó tún kìlọ̀ pé ìfẹ́ orílẹ̀-èdè tó bá kọjá ààlà lè jẹ́ ká gbàgbé pé èèyàn ni gbogbo wa. Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò sọ pé orin òyìnbó sàn ju tiwa lọ. Kò sì sọ pé tiwa nìkan ló dára. Ó ní kí ẹni tó bá máa pa méjì pọ̀ kọ́kọ́ mọ méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń sá. Ẹni tó bú waltz láì gbọ́ ọ rí, àti ẹni tó bú dùndún láì mọ ohun tó ń wí, ìyá kan náà ló bí wọn.

ÌPARÍ RẸ̀ NÍ ÒKÈÈRÈ

Ó ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ni ní Yunifásítì Howard ní Washington, ní Pittsburgh, àti ní Kent State ní ìpínlẹ̀ Ohio. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ń wá orísun wọn jókòó níwájú rẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdálọ́lá ní 1972. Ó kú ní ìlú Ravenna ní Ohio ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1987. Ẹni ọdún 81 ni. Ohio náà ni wọ́n sin ín sí, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Randolph.

Ibí yìí ló dùn mí jù. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé orin wa lọ sí òde ayé, ilẹ̀ òkèèrè ló gba òkú rẹ̀, àwa ọmọ ilé ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn kan tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀ o. Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba, tí wọ́n bí ní 1935, kọ orin fún píánò pẹ̀lú ohùn Yorùbá nínú rẹ̀. Euba tiẹ̀ fẹ́ kí píánò máa sọ̀rọ̀ bí ìlù. Ṣùgbọ́n tí àwa tó kàn bá dákẹ́, okùn náà lè já sí wa lọ́wọ́.

OHUN TÓ KÙ FÚN WA

Mi ò kọ ìtàn yìí kí gbogbo yín lè wá kọ́ waltz. Ẹni tó bá ń lu gángan, kó lù ú dáadáa. Ẹni tó bá ń fi fóònù ṣe bíìtì, kó ṣe é. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ká má fi ẹ̀gàn lé ara wa kúrò nídìí ohun tá à ń kọ́. Ọmọ kíláàsì wa kan ti dá kíbọ́ọ̀dù dúró ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá nítorí yẹ̀yẹ́ yìí nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ká má tún pàdánù ẹlòmíràn.

Ní tèmi, màá kọ́ waltz yìí dé ìparí. Tí ọwọ́ òsì mi bá ti lè fò láìwojú mi, mo ní iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ dán wò: màá gbé orin eré òṣùpá kan tí ìyá àgbà mi kọ́ mi, màá wò ó bóyá gbìm-ṣá-ṣá yẹn lè gbé e láìba ohùn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Tí ohùn bá kọ̀, màá yí ọwọ́ òsì padà, mi ò ní yí ọ̀rọ̀ padà. Ọgbọ́n Phillips àti Ṣówándé nìyẹn, àwọn ló ni ín.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ gba ẹ̀bẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn: nígbà tí ẹ bá tún ń wá ibi tí ẹ máa kó wa lọ fún ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, ẹ rántí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lójú Marina. Ẹ jẹ́ ká fi ojú ara wa rí dùùrù tó ń fẹsẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tí dátà bá ṣẹ́ kù lórí fóònù ẹ̀gbọ́n yín lópin ọ̀sẹ̀, ẹ wá African Suite ti Fela Sowande sórí YouTube. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Akinla. Tí ejìká yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì kó tó parí, ẹ ó mọ ilé tí orin náà ti jáde.

Láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn kan, SS2